Ìmòòkùn ní Malta: Kí ló yẹ kí ẹ ṣe kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì?

Ẹni tó bá ti ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì dé ìparí kò ní ṣàì mọ orúkọ Melita. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ tó gbé Pọ́ọ̀lù àti èèyàn 275 mìíràn fọ́ sí, tí gbogbo wọn sì gúnlẹ̀ láàyè, àwọn kan lórí pátákó, àwọn kan lórí àfọ́kù ọkọ̀. Erékùṣù yẹn náà ni ayé ń pè ní Malta lónìí. Àmọ́ ní ayé ìsinsìnyí, ńṣe làwọn èèyàn ń fowó ara wọn ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ síbẹ̀, kí wọ́n lè wọ inú omi lọ wo àwọn ọkọ̀ tó rì.

Malta wà láàárín Òkun Mẹditaréníà, ó fi nǹkan bíi kìlómítà 93 jìnnà sí Sicily ní ilẹ̀ Ítálì. Erékùṣù mẹ́ta tó ní orúkọ níbẹ̀ ni Malta fúnra rẹ̀, Gozo àti Comino. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kò ju kìlómítà 316 níbùú-lóròó lọ. Láti London, nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta ni bàálù fi ń dé ibẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì wà lára èdè ìjọba wọn, ọwọ́ òsì ni wọ́n sì ń wa mọ́tò, nítorí pé abẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wà títí di ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1964. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wà ní UK fi máa ń ka Malta mọ́ ibi tó rọrùn láti lọ sinmi pẹ̀lú ẹbí.

Ìsinmi ìmòòkùn kò wá dà bíi ká kàn jókòó sétí òkun, ká máa mu nǹkan tútù. Ẹni tó bá ṣe ètò rẹ̀ lódìlódì lè pàdánù owó, ó sì lè pàdánù ẹ̀mí. Èyí tó ń ṣeni láàánú níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ń fa ewu ló jẹ́ ohun tí èèyàn lè yanjú nínú ilé, kó tó di àpò rárá.

Kí ni wọ́n ń pè ní scuba?

Scuba ni kí èèyàn gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn wọ inú omi, kó máa fi ẹnu mí láti inú ẹ̀rọ kan tó so mọ́ sílíńdà náà. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kì í ṣe ọ́síjìn nìkan o, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò. Afẹ́fẹ́ lásán tí gbogbo wa ń mí sínú ni wọ́n fún pọ̀ síbẹ̀. Òmòòkùn á wọ aṣọ rọ́bà nítorí òtútù, á bo ojú àti imú pẹ̀lú gíláàsì, á wọ bàtà gbọọrọ tó dà bí ìrù ẹja, á sì wọ jákẹ́ẹ̀tì kan tó lè fẹ́ afẹ́fẹ́ sí tàbí tú afẹ́fẹ́ kúrò nínú rẹ̀ kó má bàa rì jù tàbí léfòó jù.

Ohun tó yẹ kó yé èèyàn dáadáa ni bí omi ṣe ń tẹ ara. Lórí ilẹ̀, ìwọ̀n bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ̀ wá jẹ́ bar 1. Tí èèyàn bá wọ inú òkun ní mítà 10, bar 1 mìíràn á kún un, ó di 2. Ní mítà 20 ó di 3, ní mítà 30 ó di 4. Bí omi bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó ni afẹ́fẹ́ ṣe ń sún kì. Ẹ mú bàlúùnù tí àwọn ọmọdé fi ń ṣe ọjọ́ ìbí wọ inú òkun dé mítà 10, ẹ máa rí i pé á kéré dé ìdajì. Ẹ gbé e padà sókè, á tún tóbi bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀dọ̀fóró èèyàn náà jẹ́ bàlúùnù. Ẹni tó bá mí afẹ́fẹ́ sínú kún ẹ̀dọ̀fóró láti inú sílíńdà ní mítà 10, tó wá di èémí mú, tó sì sáré jáde sókè, afẹ́fẹ́ yẹn máa fẹ́ di ìlọ́po méjì nínú àyà rẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró lè ya. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òfin àkọ́kọ́ tí olùkọ́ ìmòòkùn máa ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, kódà kó tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọ bàtà, ni pé kò gbọdọ̀ di èémí mú láé. Kó máa mí lọ, díẹ̀díẹ̀, láìdúró.

Ọ̀nà kan náà yìí ló ń pinnu bí afẹ́fẹ́ sílíńdà ṣe máa pẹ́ tó. Sílíńdà lítà 12 tí wọ́n rọ kún dé bar 200 ní afẹ́fẹ́ lítà 2,400 nínú. Ká ní ẹnì kan ń lo lítà 20 ní ìṣẹ́jú kan lórí ilẹ̀, ìṣẹ́jú 120 nìyẹn. Ní mítà 10 ó di ìṣẹ́jú 60, ní mítà 30 ìṣẹ́jú 30 péré ló kù, bẹ́ẹ̀ wọn kì í lo afẹ́fẹ́ náà tán pátápátá, wọ́n máa ń fi bíi bar 50 sílẹ̀ nítorí ohun tó bá ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà, tó ń mí kíá-kíá, á lo tiẹ̀ tán kí ẹnì kejì rẹ̀ tó lo ìdajì.

Dókítà ló ṣáájú tíkẹ́ẹ̀tì

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n á san owó òtẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n á wá dé Malta kí wọ́n tó rí fọ́ọ̀mù ìlera fún ìgbà àkọ́kọ́. Fọ́ọ̀mù yìí máa ń béèrè nípa ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró, etí, àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, wárápá, iṣẹ́ abẹ tí èèyàn ṣe láìpẹ́, oyún àti oògùn tó ń lò. Tí ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè kan bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ilé ẹ̀kọ́ náà ò ní jẹ́ kó wọ omi àfi tí dókítà bá fọwọ́ sí i. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Nítorí kí owó má bàa ṣòfò, àwọn kan á kọ bẹ́ẹ̀ kọ́ síwájú gbogbo ìbéèrè. Irọ́ yẹn kò pa olùkọ́ lára, ẹni tó pa á ló ń wọ omi lọ.

Ẹni tó ní ikọ́ sémìísémìí gbọ́dọ̀ rí dókítà tó mọ̀ nípa ìmòòkùn, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí kò ráyè jáde dáadáa nínú ẹ̀dọ̀fóró ló máa ń fẹ̀ nígbà tí èèyàn bá ń bọ̀ lókè. Aboyún kì í mòòkùn rárá. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga kó má ṣe fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó kan àwa ọmọ Yorùbá gan-an, tí àwọn ìwé ìpolówó ìsinmi kì í sábà mẹ́nu bà: fòníkú-fọ̀ladìde. Òtútù, àìmu omi tó àti àìtó ọ́síjìn jẹ́ ohun tó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ́ SS tẹ̀ kọrọdọ, kí ìrora sì bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn ló sì ṣeé ṣe kí èèyàn bá pàdé nísàlẹ̀ òkun. Nítorí náà, àwọn dókítà ìmòòkùn kì í gbà kí ẹni tó jẹ́ SS mòòkùn. Ẹni tó jẹ́ AS ní tiẹ̀, wọn kì í sábà dá a dúró, ṣùgbọ́n kó sọ fún dókítà, kó mu omi dáadáa, kó má sì jẹ́ kí òtútù mú òun. Ẹni tí kò bá mọ jẹ́nótáìpù rẹ̀ kó lọ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó san owó kankan. Fún ìdílé tó fẹ́ mú ọmọ dání, èyí ṣe pàtàkì jù, torí pé PADI, ọ̀kan lára àwọn àjọ tó tóbi jù lọ tó ń fún èèyàn ní ìwé ẹ̀rí ìmòòkùn, ń gba ọmọ láti ọdún 10.

Ọ̀fìnkìn náà kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Bí omi ṣe ń tẹ etí, èèyàn gbọ́dọ̀ máa fi ọwọ́ di imú, kó rọra fẹ́ afẹ́fẹ́ sí etí láti inú, bí àwọn kan ṣe ń ṣe nínú bàálù. Tí imú bá dí, afẹ́fẹ́ ò ní ráyè dé etí, awọ etí sì lè bẹ́. Ẹni tí ọ̀fìnkìn bá mú lọ́jọ́ náà, kó jókòó sórí ọkọ̀, kó máa wo àwọn yòókù.

Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́?

Àwọn kan á ní, “Ṣebí jákẹ́ẹ̀tì ló máa gbé mi léfòó?” Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ lúwẹ̀ẹ́ ni ẹ̀rù máa ń kọ́kọ́ bà, ẹni tí ẹ̀rù bá sì bà ló máa ń di èémí mú, tó máa ń fẹ́ sáré jáde sókè. A sì ti rí ohun tí ìyẹn ń fà.

Kí wọ́n tó fún èèyàn ní ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ ti PADI, Open Water Diver, ó gbọ́dọ̀ lúwẹ̀ẹ́ mítà 200 láìdúró, tàbí mítà 300 tó bá wọ gíláàsì ojú àti bàtà ìlúwẹ̀ẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ léfòó fún ìṣẹ́jú 10 láìdi ohunkóhun mú. Kò sí ẹni tó ń wo bó ṣe yá tó. Àwọn ọmọ Ìlàjẹ tí wọ́n bí sétí omi lè rẹ́rìn-ín sí èyí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa tó dàgbà ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo kò rí odò ìlúwẹ̀ẹ́ títí a fi di géńdé. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ní UK, ọdún 2020 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Black Swimming Association sílẹ̀ láti gba àwọn èèyàn dúdú níyànjú pé kí wọ́n kọ́ lúwẹ̀ẹ́, Alice Dearing sì wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, òun tó jẹ́ obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó lúwẹ̀ẹ́ fún Britain ní ìdíje Olympics. Ẹni tó bá fẹ́ lọ Malta ní oṣù Kẹsàn-án, tó bẹ̀rẹ̀ ìlúwẹ̀ẹ́ ní oṣù Kejì, ó ṣì ráyè.

Fún ẹni tó kàn fẹ́ tọ́ ọ wò, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Discover Scuba Diving. Kò gba ìwé ẹ̀rí, olùkọ́ á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèyàn, wọn ò sì gbọdọ̀ kọjá mítà 12. PADI ní olùkọ́ kan kò gbọdọ̀ kó ju èèyàn 4 lọ wọ òkun nínú ètò yìí tí kò bá ní amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ bi wọ́n léèrè pé èèyàn mélòó ló máa wà lọ́dọ̀ olùkọ́ kan. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá ń fi ìbéèrè yìí ṣẹ̀fẹ̀, ẹ wá ibòmíì.

Ìwé ẹ̀rí Open Water gan-an máa ń gba ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, ó sì ń jẹ́ kí èèyàn lọ dé mítà 18. Tó bá tún kọ́ Advanced Open Water, ó lè dé mítà 30. Ọgbọ́n kan tó lè fi ọjọ́ ìsinmi pamọ́ ni kí ẹ ka ìwé rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nílé, kí ẹ ṣe ti odò ìlúwẹ̀ẹ́ ní ìlú tí ẹ ń gbé, kí ilé ẹ̀kọ́ yẹn fún yín ní ìwé tó fi hàn pé ẹ ti parí apá náà. Ìgbà mẹ́rin tó kù láti wọ òkun ni ẹ máa wá ṣe ní Malta. Lọ́nà yìí, ẹ ò ní jókòó sínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí oòrùn ń ràn lóde.

Ọ̀rọ̀ irun náà tún wà níbẹ̀. Etí rọ́bà gíláàsì ojú gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ awọ ara. Tí ẹyọ irun dídì kan bá há sábẹ́ rẹ̀, omi á máa wọlé ṣáá. Ẹni tó bá fẹ́ di irun lọ, kó jẹ́ kí wọ́n dì í sẹ́yìn pátápátá, kó sì dán gíláàsì wò pẹ̀lú irun náà lórí. Àwọn ọkùnrin tó dá irùngbọ̀n sí lókè ètè ń rí irú wàhálà yìí.

Físà: ìwé ìgbélùú UK ò ṣí ilẹ̀kùn Malta

Malta wọ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù lọ́dún 2004, ó sì di ara Schengen lóṣù Kejìlá ọdún 2007. Owó yúrò ni wọ́n ń ná láti ọdún 2008. Ẹni tó ní páásípọ̀ọ̀tù Nàìjíríà, ì báà jẹ́ Èkó ló ń gbé tàbí Peckham, físà Schengen ló nílò. Níní ìwé ìgbélùú UK kò yọ ọ́ sílẹ̀, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣàṣìṣe nìyẹn. Àwọn tó ní ìwé ìgbélùú láti orílẹ̀-èdè Schengen kan, bíi Jámánì tàbí Ítálì, ni kò nílò físà mìíràn fún ìrìn àjò kúkúrú.

Láti oṣù Kẹfà ọdún 2024, owó físà náà jẹ́ €90 fún àgbàlagbà, €45 fún ọmọ ọdún 6 sí 11. Wọn kì í dá a padà tí wọn ò bá fún èèyàn ní físà. Wọ́n ń gba ìwé láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò, kò sì gbọdọ̀ dín ní ọjọ́ 15 sí ọjọ́ náà, àmọ́ ẹni tó bá dúró di ọjọ́ 15 ń tọrọ ìjákulẹ̀. Adójútòfò ìrìn àjò tó tó €30,000 ó kéré tán wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè. Nítorí náà, ẹ wá òtẹ́ẹ̀lì tí ẹ lè fagi lé láìsan nǹkan, kí ẹ sì jẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ ìmòòkùn fún yín ní ìwé pé ẹ ti forúkọ sílẹ̀.

Àwọn tó ní páásípọ̀ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì kò nílò físà fún ọjọ́ 90 láàárín ọjọ́ 180. Kí wọ́n kàn rí i pé páásípọ̀ọ̀tù náà kò tíì ju ọdún 10 lọ, tó sì ṣì ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n máa kúrò.

Láti Èkó, èèyàn á ní láti wọ bàálù méjì. Istanbul àti Frankfurt wà lára ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀.

Ìgbà wo ló dáa jù?

Omi òkun Malta máa ń tutù dé nǹkan bíi 15°C ní oṣù Kejì àti Kẹta. Fún ẹni tó ti Nàìjíríà lọ, yìnyín nìyẹn. Ní oṣù Kẹjọ ó máa ń dé 26°C, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn ni èrò pọ̀ jù, tí ohun gbogbo sì wọ́n. Ìparí oṣù Kẹsàn-án sí àárín oṣù Kẹwàá ló dáa jù fún ẹni tí kò bá ní ọmọ iléèwé láti mú dání. Omi ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, èrò sì ti dín kù. Omi ibẹ̀ mọ́ gan-an, ní ọjọ́ tó dáa èèyàn lè rí nǹkan tó fi bíi mítà 30 jìnnà.

Afẹ́fẹ́ ló ń pinnu ibi tí wọ́n máa lọ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ń fẹ́ láti àríwá ìwọ̀ oòrùn, majjistral ni wọ́n ń pè é. Tó bá ń jà, ìgbì á dé bá Ċirkewwa ní ìpẹ̀kun àríwá Malta àti Dwejra ní Gozo, wọ́n á wá kó èèyàn lọ sí apá kejì erékùṣù. Nítorí pé ilẹ̀ náà kéré, kò pẹ́ tí wọ́n á fi dé apá kejì. Ẹni tó bá wá fi gbogbo ọkàn sí ibì kan ṣoṣo ló máa bínú padà sílé. Ẹ fi ọjọ́ kan tàbí méjì sílẹ̀ láìsan owó kankan lé e lórí.

Ẹni tó bá fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́, Gozo ni kó dé sí. Ọkọ̀ ojú omi láti Ċirkewwa máa ń gbé e dé Mġarr ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 25. Ẹni tó bá fẹ́ ọjà, ilé oúnjẹ àti ariwo alẹ́, Malta fúnra rẹ̀ ló máa bá a lára mu.

Kí ló wà nísàlẹ̀ omi?

Ní Dwejra, òkè òkúta ńlá kan wà tẹ́lẹ̀ tó ní ihò láàárín bíi fèrèsé, Azure Window ni wọ́n ń pè é. Àwòrán rẹ̀ kún ojú káàdì ìkíni káàkiri ayé. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 2017, ìjì jà, fèrèsé náà sì wó sínú òkun. Àwọn arìnrìn-àjò orí ilẹ̀ pàdánù, àwọn òmòòkùn jèrè, torí pé àfọ́kù rẹ̀ ti di ibi tí wọ́n ń lọ wò nísàlẹ̀ omi. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Blue Hole wà, kànga òkúta tí òkun gbẹ́ fúnra rẹ̀, tó jìn tó bíi mítà 15, tó sì ní ẹnu ọ̀nà lábẹ́ omi tó já sí ojú òkun gbalasa.

Ní Valletta tó jẹ́ olú ìlú, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì HMS Maori wà nísàlẹ̀ omi tí kò jìn ju bíi mítà 14 lọ. Bọ́ǹbù àwọn Jámánì ló rì í ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1942. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí lè débẹ̀. Ní Ċirkewwa, ọkọ̀ méjì ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ rì: Rozi lọ́dún 1992, àti ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ P29 lọ́dún 2007. Ìyẹn jìn ju mítà 30 lọ, kì í ṣe fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Èyí tí ìtàn rẹ̀ wúwo jù ni Um El Faroud. Ọkọ̀ agbépo Libya ni, ó gùn tó mítà 110. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1995, nígbà tó wà ní ilé ìtọ́jú ọkọ̀ ní Malta, iná bú gbàù nínú rẹ̀, òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án sì kú. Ọkọ̀ náà bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ó wà ní èbúté fún ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó fà á lọ rì sí Wied iż-Żurrieq lóṣù Kẹsàn-án ọdún 1998. Àwọn ẹja ti sọ ọ́ di ilé. Wọ́n fi àmì ìrántí àwọn mẹ́sàn-án yẹn síbẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá mítà 30, nítorí náà ó gba Advanced àti ìrírí. Bí àwọn àgbà òmòòkùn bá tilẹ̀ ń wọ inú àwọn yàrá rẹ̀, ẹni tí wọn ò kọ́ nípa wíwọ inú ọkọ̀ tó rì kó dúró síta, torí pé nínú ọkọ̀, kò sí ọ̀nà tààrà lọ sókè.

Ní ti ẹja, ẹ retí ẹja oríṣiríṣi, òkété òkun kọ́ o, àti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tó ń fara pamọ́ sábẹ́ òkúta. Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀dá roboto ẹlẹ́gùn-ún tó ń lẹ̀ mọ́ òkúta etí omi. Orí òkúta ni wọ́n ti ń wọ òkun ní ọ̀pọ̀ ibi ní Malta, kì í ṣe iyanrìn, bàtà rọ́bà tó nípọn kì í ṣe àṣejù.

Owó àti adójútòfò

Iye tí ilé ẹ̀kọ́ kan bá kọ síta kì í sábà jẹ́ gbogbo owó. Ẹ béèrè bóyá sílíńdà, aṣọ rọ́bà, òjé tí wọ́n ń so mọ́ ìdí, ọkọ̀ tó máa gbé yín àti ìwé ẹ̀rí wà nínú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹlòmíì tó dà bíi pé ó wọ́n lè wá jẹ́ èyí tó pọ́ọ́kú jù.

Adójútòfò ìrìn àjò tí ẹ rà nítorí físà lè má bo ìmòòkùn rárá, tàbí kó bò ó dé ìwọ̀n jíjìn kan péré. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, níbi tí lẹ́tà ti kéré. Àjọ DAN ń ta adójútòfò tó jẹ́ ti àwọn òmòòkùn nìkan, ó sì ní nọ́ńbà tí èèyàn lè pè nígbàkigbà. Ní Malta, ilé ìwòsàn Mater Dei ní yàrá tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tí ìmòòkùn bá ṣe léṣe, nọ́ńbà pàjáwìrì orílẹ̀-èdè náà sì ni 112.

Ọjọ́ tí ẹ máa padà

Nínú gbogbo ètò yìí, ibi tí àwọn onísinmi ti máa ń kù díẹ̀ káàtó jù nìyí. Bíi ìdá 78 nínú 100 afẹ́fẹ́ tí à ń mí ni náítírójìn. Lórí ilẹ̀, kì í ṣe ara ní nǹkan kan. Nísàlẹ̀ omi, nítorí pé omi ń tẹ ara, náítírójìn máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara, a ò sì ní mọ̀. Tí èèyàn bá rọra bọ̀ lókè, á máa jáde díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń mí. Tó bá sáré jáde, ńṣe ló dà bí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n gbọn tí wọ́n ṣí lójijì: á hó nínú ẹ̀jẹ̀. Oríkèé á máa dunni, ara á máa yún, ẹsẹ̀ lè rọ, èèyàn tiẹ̀ lè kú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kéèyàn máa gòkè ní nǹkan bíi mítà 9 ní ìṣẹ́jú kan, kó sì dúró ní mítà 5 fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó jáde.

Àmọ́ kì í tán lára lójú ẹsẹ̀. Díẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Inú bàálù, afẹ́fẹ́ kì í tẹ ara tó ti orí ilẹ̀, nítorí náà ẹni tó jáde nínú òkun lọ wọ bàálù dà bí ẹni tó ṣí ìgò náà lẹ́ẹ̀kejì, wàhálà á wá bá a lókè níbi tí kò sí yàrá ìtọ́jú. Ìmọ̀ràn DAN ni pé kí ẹni tó mòòkùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo dúró fún wákàtí 12 ó kéré tán kó tó wọ bàálù. Ẹni tó mòòkùn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tàbí fún ọjọ́ púpọ̀, kó dúró fún wákàtí 18. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń sọ pé kéèyàn jẹ́ kó pé 24, kó má fi ara rẹ̀ ṣe ìdánwò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bàálù olówó pọ́ọ́kú tó ń lọ sí London sábà máa ń gbéra láàárọ̀ kùtù. Tó bá jẹ́ aago 6 àárọ̀ Sátidé, wákàtí 18 ṣáájú rẹ̀ ni aago 12 ọ̀sán Fráídè. Ẹni tó bá ti ṣètò láti wọ òkun lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán Fráídè ti kọjá àlà. Nítorí náà, kí ẹ tó yan wákàtí tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀, ẹ kọ́kọ́ kọ wákàtí ìmòòkùn ìkẹyìn sílẹ̀, kí ẹ wá kà á lọ síwájú.

Ọjọ́ ìkẹyìn yẹn kì í ṣe òfo. Kí ẹ fi omi tí kò níyọ̀ fọ aṣọ rọ́bà, kí ẹ sá a kó gbẹ, kó má bàa wúwo lọ́dọ̀ àwọn tó ń wọn ẹrù ní pápákọ̀ òfurufú. Lẹ́yìn náà, ẹ lè lọ wo ilé òrìṣà àtijọ́ Ġgantija ní Gozo, èyí tó ti wà kí wọ́n tó kọ́ àwọn pírámíìdì Íjíbítì, tàbí kí ẹ rìn ní Valletta dé ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ́ ní ìrántí ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù tó fọ́. Àárín ìgboro ló wà, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn débẹ̀.